Ẹrẹ̀ ti gba ọgbà adìyẹ ẹ̀yìnkùlé: kí ni ká tẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí?

Adìyẹ Akóbọ̀

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará wa. Ọgbà adìyẹ kan ló ń fẹ́ àmọ̀ràn yín, ní ẹ̀yìnkùlé ní Akóbọ̀. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 10. Adìyẹ 12 ló wà níbẹ̀, àgbébọ̀ 11 àti àkùkọ 1. Ilé tí wọ́n ń sùn ní páànù lórí, ṣùgbọ́n ọgbà fúnra rẹ̀ kò ní òrùlé, nẹ́ẹ̀tì nìkan ló bò ó. Ilẹ̀ pupa ni. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra, gbogbo ibẹ̀ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Àwọn kan ní ká da yanrìn sí i, àwọn kan ní ká lọ kó lẹ́búlẹ́bú pákó ní Bódìjà, ẹlòmíràn ní ká kúkú da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀. Èwo ló tọ́, báwo ló sì ṣe yẹ kó nípọn tó?

Bíríkìlà Àpẹ̀tẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Omi ni ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe ìtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá da àpò 20 lẹ́búlẹ́bú sórí ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ óò fi ní ẹrẹ̀ tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ náà wò. Ẹ gbẹ́ ihò kan sí àárín ọgbà, kó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá wo aago. Bí omi kejì yìí bá ti lọ tán kí wákàtí 4 tó pé, ilẹ̀ yín ń mumi, gọ́tà nìkan ló kù. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, amọ̀ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sókè.

Láti gbé e sókè, ẹ há gbogbo ẹrẹ̀ òkè kúrò títí ẹ óò fi kan ilẹ̀ líle. Ẹ má da nǹkan lé ẹrẹ̀ náà lórí, torí ìgbẹ́ oṣù mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, yóò máa rùn lábẹ́. Ẹ wá da láteráìtì, ìyẹn ilẹ̀ pupa oníyangí, sí i ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má ju íǹṣì 3 lọ, kí ẹ kì í mọ́lẹ̀ kí ẹ tó da òmíràn lé e. Fún ọgbà yín, íǹṣì 6 á gba nǹkan bí bárò 26, ṣùgbọ́n ó máa ń wálẹ̀ tí a bá kì í, ẹ kúkú wá bárò 32 tàbí 33. Kí orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ sí apá kan: íǹṣì 2 sí 2½ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn adìyẹ ti ń tàn ni ìtẹ́lẹ̀ á máa ṣí lọ sí ìsàlẹ̀, òkè á sì ṣófo.

Ẹ gbẹ́ gọ́tà sí òkè ọgbà, ní ìta, kì í ṣe nínú rẹ̀. Kó fẹ̀ ní íǹṣì 6, kó jìn ní íǹṣì 9, kó lè gba omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé kó tó dé ọ̀dọ̀ adìyẹ. Páànù ilé tí wọ́n ń sùn ńkọ́, ibo ni omi rẹ̀ ń dà sí? Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, inú ọgbà gan-an ló ń dà sí, kò sì sẹ́ni tó ń kíyè sí i. Ẹ so gọ́tà páànù mọ́ ọn.

Tí ìyẹn bá ti parí, ẹ to búlọ́ọ̀kù 6 íǹṣì yí ọgbà ká, ìlà kan péré, kí ìtẹ́lẹ̀ má bàa dà síta. Àyíká yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 44, búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18, búlọ́ọ̀kù 30 nìyẹn, ẹ yọ 2 fún ẹnu ọ̀nà. Ní apá ìsàlẹ̀, ẹ fi àlàfo íǹṣì 1 sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù kí omi lè jáde, kí ẹ sì fi wáyà nẹ́ẹ̀tì tó há dí àlàfo náà nítorí eku àti ejò.

Ìyá Ẹlẹ́yin Mọ́níyà

Bíríkìlà ti sọ ọ́ tán. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ rò: òrùlé. Òjò íǹṣì 1 péré tó bá rọ̀ sórí ọgbà yín, omi rẹ̀ jẹ́ lítà 283. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà 11 nìyẹn, ní ọ̀sán kan. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún sì ju 1,100 mm lọ, ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 450. Kò sí ìtẹ́lẹ̀ kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè mu ìyẹn.

Owó páànù lè má tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ bo ìdajì. Ẹ jẹ́ kí ìdajì òkè ní òrùlé, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 5, kí páànù náà dagẹ̀rẹ́ sí gọ́tà òkè tí Bíríkìlà ní kí ẹ gbẹ́, kí omi rẹ̀ má bàa já lé ìdajì kejì lórí. Ìdajì ìsàlẹ̀ lè ṣí sílẹ̀. Nígbà náà, ìbéèrè yín á pín sí méjì: kí ni ká tẹ́ sí abẹ́ òrùlé, kí ni ká tẹ́ sí ibi tí òjò ń pa? Ìdáhùn wọn kò jọra rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n ń tẹ́ ohun kan náà sí méjèèjì.

Abẹ́ òrùlé ń fẹ́ ohun tó ń fa omi mu. Ibi tó ṣí ń fẹ́ ohun tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ọmọ Àgbẹ̀ Òjòó

Ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ pákó o. Yanrìn ni kí wọ́n dà sí gbogbo rẹ̀. Yanrìn kì í jẹrà, ikán kì í jẹ ẹ́, èèyàn lè fi réèkì kó ìgbẹ́ kúrò lórí rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Adìyẹ á fi wẹ̀ ara, á fi gbo èékánná. Íǹṣì 4 ti tó.

Bíríkìlà Àpẹ̀tẹ̀

Àbúrò, gbogbo ohun tí ẹ sọ yẹn jẹ́ òótọ́ ní abẹ́ òrùlé. Níta gbangba, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dé pẹ̀lú réèkì ní àárọ̀, òjò òru ti yo ìgbẹ́ náà wọ àárín yanrìn. Kò sí ohun tó máa jẹ ìgbẹ́ yẹn run níbẹ̀, torí yanrìn kò ní nǹkan kan nínú tí kòkòrò inú ilẹ̀ lè fi pò ó di ajílẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ wò lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ óò rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bíi gọ́tà ọjà. Kí lẹ wá fẹ́ ṣe? Kíkó gbogbo rẹ̀ dànù ni. Yanrìn íǹṣì 4 lórí ọgbà yẹn tó bárò 17, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Ọwọ́ ni ẹ óò fi kó o.

Ẹni tó bá máa lo yanrìn lábẹ́ òrùlé, ẹ gba yanrìn odò oníhóró gbàǹgbà, èyí tí a fi ń da kọnkéré. Yanrìn tí a fi ń rẹ́ ògiri kò dára, amọ̀ ló wà nínú rẹ̀: ó ń le bí ilẹ̀ tó bá tutù, ó ń di eruku tó bá gbẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí típà tó dà á sílẹ̀. Ẹ bu ú dé ìdajì ìgò oníke tó mọ́ gaara, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí 1. Yanrìn á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, amọ̀ á sì tò lé e lórí bí ẹ̀kọ. Bí ìpele amọ̀ yẹn bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpele yanrìn lọ, ẹ ní kó máa gbé e lọ.

Kí ẹ má sì da ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sórí yanrìn. Wọn kò tíì mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí ohun mìíràn, wọ́n á jẹ ẹ́ kún inú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ oúnjẹ wọn ná.

Pákó Bódìjà

Ẹ jẹ́ ká ya àwọn ohun tí a ń pè ní ìdọ̀tí pákó sọ́tọ̀, torí mẹ́ta ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀.

Èkíní ni lẹ́búlẹ́bú, sọ́dọ́ọ̀sì, èyí tó ń já lábẹ́ ayùn nígbà tí wọ́n bá ń la gẹdú. Òun ló pọ̀ jù, òun náà ló burú jù fún adìyẹ. Gẹdú tútù ni wọ́n ń là, nítorí náà omi ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e délé. Ó kúnná, ó ń dì pọ̀ bí àkàrà tó bá rin, abẹ́ rẹ̀ á sì bu. Tó bá gbẹ, eruku rẹ̀ ń wọ imú adìyẹ. Òkìtì tí òjò ti ń pa ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìlagi, tí ẹ fi ọwọ́ kàn tó ń gbóná nínú, ẹ má gbà á rárá, ẹbùn ni wọn ì báà fi ṣe.

Èkejì ni ṣéfíńsì, èyí tó ká lọ́ríṣiríṣi tí ẹ̀rọ ìfápákó ń fá jáde. Pákó tó ti gbẹ ni wọ́n sábà ń fá, nítorí náà ó gbẹ, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀, ó sì ń fa omi. Èyí ni kí ẹ tẹ́ sí abẹ́ òrùlé. Ẹ bi wọ́n irú igi tí wọ́n ń fá lọ́jọ́ náà. Àrẹ̀rẹ̀ àti afárá dára, wọ́n fúyẹ́. Ìrókò, ẹ fi sílẹ̀: eruku rẹ̀ ń ta ojú àti imú àwọn tó ń là á, kò ní yọ adìyẹ sílẹ̀. Bí ìdọ̀tí orísìí igi bá ti dà pọ̀ mọ́ra tẹ́nì kankan ò lè sọ èwo ni èwo, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Ẹ má gba ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó ń fá pákó àlòkù tàbí èyí tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn. Pákó tí wọ́n kùn sábà máa ń dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ewé, ó sì ń rùn bí epo. Pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àga ìgbàlódé, kò yẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ so mágnẹ́ẹ̀tì ńlá kan mọ́ okùn, ẹ wọ́ ọ káàkiri inú rẹ̀. Ìṣó kékeré kan tó bá wọ àtẹ́lẹsẹ̀ adìyẹ, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀: ìdajì yín tó ní òrùlé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú lóròó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú íǹṣì 4. Àpò ìrẹsì 50 kílò tí ẹ kò kì mọ́lẹ̀ 8 lè kún un lójú, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ kó àpò 12. Àpò yín ni kí ẹ gbé dání. Ẹ má gba àpò oúnjẹ adìyẹ tó ti wọ oko ẹlòmíràn rí, irú àpò bẹ́ẹ̀ ló ń gbé àrùn láti oko dé oko.

Ẹ̀kẹta ni èèrún igi ńláńlá: èèpo igi, ẹ̀ka tí a gé sí wẹ́wẹ́, èyí tó tó íǹṣì 1 sí 2. Ibi tí òjò ń pa ni tirẹ̀, torí kì í dì pọ̀, omi á gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ lè gba èèpo igi ní Bódìjà, ẹ lè fi àdá gé ẹ̀ka máńgòrò àti gmelina tí ẹ bá rẹ́ igi ní àdúgbò. Èèrún tó ń já lẹ́nu ẹ̀rọ agégi náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: àwọn kan ń fi òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù pa ẹnu ẹ̀rọ wọn. Bó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà á.

Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ́ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ má gbàgbé ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùkù àgbàdo. Nígbà tí àgbàdo bá ti pọ̀ lọ́jà, kò sí ibi tí ẹ ò ti ní rí i. Ẹ sá a títí tó fi ń dún kó-kó, ẹ fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ṣéfíńsì, ìdá kan sí méjì. Ó ń mu omi dáadáa. Èyí tó bá ti ní àmì dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ sọ ọ́ nù.

Èèpo ìrẹsì kì í dì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í fa omi púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ẹ má lò ó ní òun nìkan. Èèpo ẹ̀pà ń tètè bu, ẹ má fi sí ibi tí ọ̀rinrin wà.

Èèpo kòkó, rárá o. Àwọn kan ń kó o wá láti oko torí pé ó pọ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní theobromine wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ májèlé fún adìyẹ, wọ́n á sì ṣa á jẹ.

Èésan ekùrọ́ náà: àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í jẹrà. Etí rẹ̀ mú, ó ń gé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ni kí ẹ dà á sí.

Ewé gbígbẹ dára gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó má sáà nípọn ju íǹṣì 3 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ewé tíìkì tóbi, ó pẹlẹbẹ, yóò lẹ̀ mọ́ra bí ìwé tí òjò bá pa á, ẹ rún un kí ẹ tó dà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn adìyẹ fúnra wọn tan ewé náà ká. Ẹ kó o jọ sí ojú kan, wọ́n á ti tú u ká kó tó di ọ̀sán.

Dókítà Ẹran Àgbówó

Ìdí tí omi fi léwu tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, coccidiosis, ẹyin kòkòrò rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ adìyẹ jáde. Bó ti ń jáde, kò tíì lè ran adìyẹ mìíràn. Ó ń fẹ́ ooru, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin fún nǹkan bí ọjọ́ 1 sí 2 kó tó gbó. Ooru àti afẹ́fẹ́, kò sí ohun tí a lè ṣe sí wọn ní Ìbàdàn. Ọ̀rinrin nìkan ni ọwọ́ wa ká. Bẹ́ẹ̀ búlíìsì àti oògùn tí a fi ń fọ ilẹ̀ kì í pa ẹyin kòkòrò yìí; gbígbẹ àti oòrùn ló ń pa á. Àwọn ọmọ adìyẹ ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ló ń mú jù. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ìyẹ́ wọn rí wúruwùru, tí apá wọn wọ́ sílẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Oògùn tí wọ́n ń pè ní amprolium ni a sábà máa ń fi sínú omi mímu wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tó rí wọn sọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ohun kejì ni amóníà, òórùn tó ń ta ojú yẹn. Ẹ má fi imú ẹni tó dúró ṣe ìwọ̀n. Ní ìdájí, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí imú yín á fi wà ní ọ̀gangan orí adìyẹ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1 sílẹ̀. Bó bá ta yín lójú níbẹ̀, ó ti pọ̀ jù fún wọn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ojú àti ọ̀nà ọ̀fun wọn á ti máa bàjẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ikọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ máa fi ọwọ́ wọn ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ òrùlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Bó bá dì tí kò tú, omi ti pọ̀. Bó bá dì díẹ̀ tó sì tú ká nígbà tí ẹ la ọwọ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí kò bá dì rárá tí eruku ń sọ, bí ó ti máa ń rí nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò DDVP tàbí oògùn ẹ̀fọn sí ìtẹ́lẹ̀ nítorí eṣinṣin. Ẹyẹ kò lè fara da irú oògùn yẹn, ìwọ̀n kékeré lè pa wọ́n. Eṣinṣin ń sọ fún yín pé ibì kan rin ni. Ẹ wá ibẹ̀ rí, ẹ kó o kúrò.

Adìyẹ Akóbọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Èèrún igi lórí ilẹ̀, ikán kò ní kó wọ ilé báyìí? Ṣé ká tẹ́ àpò ìrẹsì sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má bàa wọ ilẹ̀? Àwọn kan tún ní ká wọ́n láìmù funfun sí i fún òórùn.

Pákó Bódìjà

Ikán á wá, ẹ má tan ara yín. Adìyẹ á sì jẹ wọ́n, ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Wàhálà wà ní òpó ọgbà àti ògiri ilé. Ẹ má jẹ́ kí èèrún igi kan òpó tó jẹ́ igi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ òpó sínú kọnkéré tó yọ sókè ní íǹṣì 6 kọjá ìtẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ lo páìpù irin. Kí ìtẹ́lẹ̀ jìnnà sí ògiri ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo ara òpó fún ìlà ilẹ̀ tí wọ́n ń mọ gòkè, ẹ fọ́ ọ. Ẹ má da oògùn ikán sí inú ọgbà.

Ìyá Ẹlẹ́yin Mọ́níyà

Àpò ìrẹsì, ẹ má tẹ́ ẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní pé tí wọ́n á ti tàn dé ibẹ̀, tí fọ́nrán àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí tú. Wọ́n ń gbé fọ́nrán yẹn mì bí ẹni gbé ekòló mì, á lọ́ mọ́ra nínú àpòòkó, àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn, oúnjẹ kò ní lè kọjá mọ́. Ó tún ń wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Ẹ kúkú jẹ́ kí èèrún igi wọ ilẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń sọ ilẹ̀ náà di dúdú àti rírọ̀. Ẹ óò máa bù kún un ni: íǹṣì 6 ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí bárò 13 fún ìdajì tó ṣí, lẹ́yìn náà bárò 4 tàbí 5 nígbàkúùgbà tó bá ti wálẹ̀ sí íǹṣì 4.

Òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ má tẹ́ ẹ káàkiri, wọ́n á tàn án mọ́ èèrún igi, ẹ ò sì ní lè yà wọ́n mọ́. Ibi tí omi ń gbà jáde nìkan ni kí ẹ dà á sí, ní ẹ̀bá búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, íǹṣì 3 ní jíjìn. Bárò 3 á ṣe é.

Láìmù: ẹ má wọ́n ọn sórí ìtẹ́lẹ̀ tó ń rùn nígbà tí adìyẹ wà níbẹ̀. Ṣe ló ń mú kí amóníà jáde kíákíá sí i, òórùn náà á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eérú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá rin. Ẹ jẹ́ kí eérú gbígbẹ wà nínú táyà àlòkù kan lábẹ́ òrùlé, kí wọ́n máa fi wẹ̀, ó tó.

Ẹ tún wo ibi tí omi mímu wọn wà. Adìyẹ 12 á mu nǹkan bí lítà 3 lóòjọ́, ó sì lè di ìlọ́po méjì tí oòrùn bá mú. Èyí tí wọ́n bá dà sílẹ̀ nínú rẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń lọ. Ẹ gbé ike omi sórí búlọ́ọ̀kù, kí ẹnu rẹ̀ bá ẹ̀yìn adìyẹ dọ́gba, kí ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Ìgbẹ́ wọn fúnra rẹ̀ ń tó kílò 1.2 sí 1.8 lóòjọ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ omi. Abẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé ni èyí tó pọ̀ jù ń já sí. Ẹ tẹ́ pákó pẹlẹbẹ síbẹ̀, ẹ máa há a láràárọ̀, ẹ óò rí i pé ìtẹ́lẹ̀ ọgbà á pẹ́ jù bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọmọ Àgbẹ̀ Òjòó

Kọnkéré tí wọ́n béèrè ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Bíríkìlà Àpẹ̀tẹ̀

Kọnkéré dára fún ibi tí wọ́n ń sùn, torí eku àti ìjàlọ kò ní rí abẹ́ rẹ̀ gbẹ́. Fún ọgbà, ó le jù. Bí ẹ bá ti ní i nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fọ́ ọ, ẹ bo ó pẹ̀lú ṣéfíńsì íǹṣì 4 lábẹ́ òrùlé. Kọnkéré tó ṣí sí oòrùn á jó àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ní oṣù Kejì, á sì máa dá egbò sí i. Ẹ má ná owó lé e lórí.

Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ́ Ẹlẹ́yẹlé

Títú ìtẹ́lẹ̀ lẹ́nì kan kò tíì sọ. Ẹ fi fọ́ọ̀kì oko tú ti abẹ́ òrùlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tàbí kí ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo méjì sí i ní ìrọ̀lẹ́, àwọn fúnra wọn á tú u. Ibi tó bá ti dì pọ̀ bí àwo, ẹ kó ìyẹn nìkan kúrò, ẹ fi gbígbẹ dí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, ẹ kó o, ẹ fi íǹṣì 1 sí 2 ìsàlẹ̀ sílẹ̀, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ run ti wà níbẹ̀, wọ́n á bá yín bẹ̀rẹ̀ tuntun.

Èyí tí ẹ kó jáde, ẹ má gbé e lọ sí ìdí ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ náà. Yóò jó o. Ẹ kó o jọ ní òkìtì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ yí i padà lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù 2 sí 3. Ìgbà tí kò bá gbóná mọ́, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tẹ̀tẹ̀ àti ùgwù lè jẹ ẹ́. Ti ibi tó ṣí sílẹ̀, ẹ máa fi ajọ̀ sẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ dúdú á jáde, èyí tó tóbi á padà sínú ọgbà.

Adìyẹ Akóbọ̀

Ó ti yé wa. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ báyìí tí òjò ń rọ̀, àbí ká dúró?

Bíríkìlà Àpẹ̀tẹ̀

Gọ́tà òkè àti omi páànù, ẹ ṣe wọ́n lónìí, òjò kò dí wọn lọ́wọ́. Kí ẹ sì ti adìyẹ mọ́ inú ilé wọn ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ púpọ̀.

Láteráìtì, ẹ dúró de ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ. Láteráìtì tó kún fún omi kì í kì, ṣe ni yóò máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ẹ̀kọ. Tí ẹ bá ti kì í tán, ẹ fi ọjọ́ 4 tàbí 5 tí oòrùn ràn sílẹ̀ láì da nǹkan lé e. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára. Bí kò bá wọlé, ẹ to búlọ́ọ̀kù, kan páànù, kí ẹ sì lọ kó ṣéfíńsì yín kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó padà dé.